Àkùkọ Oníjà Nínú Agbo Ilé: Abala Kan Nínú Ìtàn Adìẹ Sísìn ní Àríwá Èkìtì

Nígbà tí mo dárúkọ ohun tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀rẹ́ mi kan rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn òpìtàn ẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ ọba, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogun Kírìjì, èmi sì ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ àkùkọ. Mo ní kò burú. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Adìẹ ti wà nínú agbo ilé wa kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó kù padà wálé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká ṣe ń gbé pọ̀, ẹni tí ó ní ohun ọ̀sìn, ẹni tí ó ní àṣẹ láti pa á, àti ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀ bí a kò bá pa á, kò ní pàdánù bí ó bá tẹ̀lé àkùkọ kiri àgbàlá fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn kò gùn. Kí ni àwọn òbí wa ń ṣe sí àkùkọ tí ó ń lé ènìyàn, tí ó ń ṣá ọmọdé lójú, tí ó ń fò mọ́ arúgbó lẹ́sẹ̀? Kí ni ó sì dé tí ọ̀rọ̀ náà fi le ju ti àtijọ́ lọ ní àgbàlá wa òde òní? Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìwà àkùkọ nìkan ni a ní láti wò. Bí a ti to ilé wa ni ó yẹ kí a wò. Nígbà kan, ọ̀nà tí àkùkọ lè gbà jáde nínú agbo pọ̀, oníjà sì ni ó máa ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀ jáde. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà ti dí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí adìẹ ti wá. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ifẹ̀, pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan erùpẹ̀ ká orí omi. Samuel Johnson pẹ̀lú, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, mẹ́nu kan adìẹ tí ó tan erùpẹ̀ nínú ìrìn àjò Ọ̀rányàn. Bí a bá wo ìtàn náà dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba wa ka adìẹ sí ara ohun tí ó dá ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn sọ fún wa pé àlejò ni adìẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹyẹ inú igbó kan ní apá ìlà-oòrùn gúúsù Éṣíà ni baba ńlá rẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2022 tọ́ka sí Ban Non Wat ní ilẹ̀ Táílàǹdì, níbi tí a ti rí egungun adìẹ ilé tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, a ti rí egungun adìẹ tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ní Jenne-Jeno ní Málì àti ní Kirikongo ní Burkina Faso. Nítorí náà àlejò tí ó pẹ́ ni, ó sì ti di ọmọ ilé kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti kọ ìtàn wa sínú ìwé.

Ẹyẹ igbó yẹn, ìjà ni akọ rẹ̀ fi ń gba abo. Ẹ̀gún líle tí ó yọ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo àkùkọ ilé ṣì ní títí di òní, ohun ìjà ni. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn ènìyàn mú ìjà yìí, wọ́n sọ ọ́ di eré. Ní Bali, ní Filípínì, àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà tí òfin fi dè é ní 1835, àkùkọ tí ó bá rorò jù ni wọ́n ń tọ́jú, òun ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó gun abo. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ wo ìjà ẹran, àgbò ni wọ́n máa ń mú wá kojú ara wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Èkó. Ìjà àkùkọ kò di ohun tí a ń pe ìlú jọ lé lórí. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti jọ lọ. Níbi tí a ti ń fi àkùkọ ta tẹ́tẹ́, oníjà ni í bí ọmọ. Níbi tí a kò ti fi í ṣe eré, ìkòkò ọbẹ̀ ni ń dúró de oníjà.

Báwo ni ó ṣe ń dé inú ìkòkò náà? Adìẹ kan a pa ọmọ bíi mẹ́wàá. Àṣá a gbé díẹ̀, òjò a pa díẹ̀, ejò a mú tirẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tí ó bá dàgbà, akọ lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Abo kì í yára jáde, nítorí ẹyin ni a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún. Bí àlejò bá dé láti Ọ̀tùn tàbí láti Ìṣàn, akọ ni a ó mú. Bí babaláwo bá ní kí a rú ẹbọ, tí ẹbọ náà sì lọ sọ́dọ̀ Èṣù, àkùkọ ni. Bí wọ́n bá ń gbé òkú àgbà lọ sílé, wọn a máa tu ìyẹ́ adìẹ ìrànà sójú ọ̀nà. Bí owó bá tán nílé, ìyá a di akọ kan lẹ́sẹ̀, a gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ gbilẹ̀, Kérésìmesì àti Àjíǹde kún àwọn ọ̀nà náà. Ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ: nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà ní àwọn ìlú Èkìtì, ohun ọ̀sìn wà lára ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń fi ipá kó. Ìwà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ọ̀tẹ̀ tí ó di Èkìtìparapọ̀.

Nígbà tí ó bá wá kan pé kí a yan èyí tí a ó mú, ta ni a ó mú bí kì í ṣe èyí tí ó ń da ilé láàmú? Àwọn ọmọdé gan-an ni yóò kígbe pé, "Ìyá, ẹ mú oníjà yẹn!" Wọ́n á lé e mú pẹ̀lú ayọ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ láti ìran dé ìran, ohun tí ó kù nínú agbo ilé ni àkùkọ tí ó mọ ènìyàn lójú. Kò sí ẹni tí ó jókòó pinnu rẹ̀. Síbẹ̀ àṣàyàn ni, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa sì ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èé ṣe tí wọn kò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí wọ́n ti ń tẹ òbúkọ? Ìdí rẹ̀ wà lára àkùkọ fúnra rẹ̀. Kóró abẹ́ òbúkọ wà níta. Ti àkùkọ wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ẹ̀yìn, nítòsí kíndìnrín. Àwọn ará Róòmù àti àwọn ará Ṣáínà mọ bí a ti í la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti yọ ọ́. Àwọn tiwa kò gbé ọ̀bẹ dé ibẹ̀. Ọrùn ni ọ̀bẹ wọn mọ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kí n má baà sọ ọ́ bí ẹni pé ojo ni wọ́n ń wá. Àkùkọ tí kò láyà kò wúlò nílé tí àṣá ń fò lókè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ohùn adìẹ ti fi hàn pé igbe tí àkùkọ ń ké nígbà tí ó bá rí ẹyẹ apẹran lókè yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ké bí ẹranko bá ń bọ̀ nílẹ̀, àti pé ó máa ń ké e jù bí abo bá wà nítòsí rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ gba ohùn náà sílẹ̀. Láti inú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ọmọ ọwọ́ ni kí wọ́n yára gbé ni tàbí òròmọdìẹ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni àkùkọ tí ó gbójú sí àṣá, tí ó sì rọ̀ sí ọmọ ènìyàn. Kò rọrùn láti rí méjèèjì lára ẹyẹ kan ṣoṣo, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń gbé méjèèjì dìde.

Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tí a bí ní 1894, ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré rẹ̀. Ní 1922 ó tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé adìẹ inú agbo mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé: ẹni tí ó lè ṣá ẹnìkejì láìsí pé a ṣá a padà ni àgbà. Gbogbo ayé ni ó ń lo ọ̀rọ̀ náà lónìí fún ènìyàn pàápàá. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ ni pé àkùkọ tí kò bẹ̀rù ènìyàn lè ka ènìyàn mọ́ ara agbo náà. Bí ọmọdé bá wá sá fún un lẹ́ẹ̀kan, lójú àkùkọ, ọ̀ràn ti parí: òun ni àgbà. Lọ́jọ́ kejì, yóò fa ìyẹ́ apá kan wọ́lẹ̀, yóò máa rìn ní ẹ̀gbẹ́, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ yóò dìde, yóò sì tún fò. Èyí ni ó fi jẹ́ pé fífi igi lù ú kì í tán ọ̀ràn. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó ń lù ú ti gba ìjà.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan níhìn-ín, nítorí ó fi ibi tí àṣà àtijọ́ ti ní ìdíwọ́ hàn. Àrùn tí a ń pè ní lùkúlùkú, èyí tí àwọn oníṣègùn ẹranko kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ní Ìbàdàn láàárín 1952 àti 1953, a máa jà gan-an nígbà ọyẹ́. Ní ọyẹ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkọ̀lé, ó wọ agbo ilé wa. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, a ń fi agbọ̀n kó òkú adìẹ dànù. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ohun tí ó kù fún ìyá ìyá mi ni abo mẹ́rin àti àkùkọ kan. Ní àwọn agbo ilé tí ó sún mọ́ wa, kò ku akọ kankan.

Àkùkọ yìí rorò. Bí a kò bá ní lùkúlùkú, kò ní rí ọdún Àjíǹde. Àbúrò mi obìnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ń jẹ ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Àkùkọ náà fò mọ́ ọn, ó ṣá a lábẹ́ ojú ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọmọ náà débi pé ìyá mi rò pé ẹyinjú ti lọ. Bàbá mi mú ọ̀bẹ. Ìyá àgbà dúró lé àkùkọ náà lórí. Ó ní bí a bá pa á, kí ni yóò gun àwọn abo wọ̀nyí? Ó ní adìẹ gbogbo àdúgbò ni a fẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá mi ní ojú ọmọ òun kì í ṣe ohun tí a fi ń sìn adìẹ. N kò tíì gbọ́ kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì di alẹ́ kí àwọn àgbà ilé tó parí rẹ̀.

Wọn kò pa á. Ìyá àgbà fi okùn so ó lẹ́sẹ̀ kan mọ́ ìdí igi ọsàn lẹ́yìn ilé, gẹ́gẹ́ bí a ti í so adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kí ó lè mọ ilé. Ó fi ọ̀bẹ gé ṣóńṣó ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán, àgò wà lórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti wọlé, a ṣí àgò, àwọn abo a lọ bá a. Àwa ọmọdé tí a ti tó ọdún mẹ́jọ, ó ní kí a máa gbé àgbàdo lọ fún un lọ́wọ́ wa, kí a má sáré, kí a má sì kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ó bá fẹ́ dìde sí ẹnìkan, ìyá àgbà a gbá a mú, a há a sí abíyá, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó ṣe èyí fún bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ọmọ akọ kan nínú àwọn tí ó bí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ní kí wọ́n pa bàbá rẹ̀. Òun kò jẹ nínú ẹran náà.

Mo ti rò ó títí, n kò mọ̀ bóyá n bá ti ṣe bí ó ti ṣe. Àpá náà wà lójú àbúrò mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba sí mi pé kì í ṣe àìbìkítà. Agbo adìẹ ni àpò owó obìnrin arúgbó tí kò ní kòkó. Ó sì jẹ́ pé méjì nínú àwọn abo mẹ́rin yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó fún un sìn, pé kí wọ́n máa pín ọmọ. Àṣà yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa, ó sì máa ń mú kí pípa àkùkọ di ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ẹni tí àkùkọ ń ṣá nílé kọ́ ni ó ní i nígbà mìíràn. Ẹni tí ó ní i wà ní òpópó kejì, kò sì rí ojú ọgbẹ́.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan yí padà kíákíá. Ní oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ tí ń ṣọ́ adìẹ lọ́sàn-án sì kó lọ sí ilé ìwé. Ní 1976 ìjọba ológun pariwo pé kí gbogbo wa bọ́ orílẹ̀-èdè yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé adìẹ sẹ́yìn ilé. Adìẹ òyìnbó, tàbí adìẹ àgíríìkì gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́jà ti ń pè é, ti dé. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi ẹ̀rọ pa ọmọ adìẹ ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, nítorí akọ kò lè yé ẹyin. Wọ́n ń ta àwọn akọ náà ní ọ̀pọ̀, ní ọmọ ọjọ́ kan, fún ẹni tí ó bá fẹ́ sìn ín de Kérésìmesì. Láti 2014 ni ilé iṣẹ́ kan ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ti ń ta irú èyí tí a ń pè ní Noiler, tí akọ rẹ̀ tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́. Láyé àtijọ́, akọ méjì tàbí mẹ́ta ń dàgbà lábẹ́ ojú àkùkọ àgbà tí ó ń bá wọn wí, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ẹnìkan ní Ọ̀yẹ́ lè ra akọ ogún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ìyá adìẹ, kò sí àkùkọ àgbà, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ti ń jẹun láti ọjọ́ kìíní, nítorí náà wọn kò bẹ̀rù ènìyàn. Ògiri yí wọn ká. Gbogbo wọn sì ń bàlágà lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Àlejò tí ó bá dé, ẹran inú fìríìjì ni a ń fún un. Ọ̀nà àbájáde ku ẹyọ kan, ìyẹn ni oṣù Kejìlá. Láti ìgbà tí a dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé àgbàlá kan náà pẹ̀lú adìẹ onílé, ẹni tí adìẹ náà kò mọ̀ rí sì ń wọlé, ó ń jáde.

Kí a má sì rò pé ẹ̀rín ni ọ̀ràn náà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní gúúsù Ọsirélíà kọ nípa obìnrin ẹni ọdún 76 kan tí ó ń kó ẹyin nílé rẹ̀. Àkùkọ ṣá a lẹ́sẹ̀, ó bá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú, ẹ̀jẹ̀ dà títí obìnrin náà fi kú. Àwọn tí ń sìn adìẹ ní ìletò wa, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá arúgbó.

Bí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ mi, n ó ní kí ó dín akọ kù kí wọ́n tó bàlágà. Akọ kan tó fún abo mẹ́wàá. Kí ó má ṣe mú àkùkọ àjèjì wọ inú agbo láì kọ́kọ́ so ó tàbí fi àgò dé e fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ó gé ṣóńṣó ẹ̀gún ẹsẹ̀. Kí ó gba àjẹsára lùkúlùkú fún adìẹ rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe, kí ó má baà di ẹni tí àkùkọ kan ṣoṣo kù fún bí ti ìyá àgbà. Èyí tí ó bá sì ti ṣá ọmọdé lójú, kí ó pa á lọ́jọ́ náà. Ibi tí mo ti yapa sí ìyá àgbà nìyẹn, ó sì rọrùn fún mi láti yapa, nítorí ọmọ adìẹ wà lọ́jà.

Àbúrò mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé ní Ọ̀yẹ́ báyìí, ó sì ń sìn adìẹ. Àgbébọ̀ mọ́kànlá ni ó ní. Ẹyin ni ó ń tà, nítorí náà kò nílò akọ. Nígbà tí mo bi í léèrè bí ó ti ń ṣe láìgbọ́ kí àkùkọ kọ láfẹ̀mọ́júmọ́, ó ní aládùúgbò òun ní ọ̀kan, òun sì ń gbọ́ ọ dáadáa láti ẹ̀yìn ògiri.